Bí Ẹ Bá Lọ Kí Ọmọ Yín ní London, Ẹ Má Fi Àìlera Pamọ́ fún Un

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó fẹ́ lọ kí ọmọ wọn tó ń kàwé ní London ni mo fẹ́ ká jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn kan ń lọ nítorí ọmọ fẹ́ gba oyè ní fásitì, àwọn mìíràn kàn fẹ́ fojú rí ibi tí ọmọ ń gbé. Ìdùnnú ńlá ni. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Inú òbí wo ni kò ní í dùn pé ọmọ tí òun fà lọ́wọ́ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ló wá ń fa òun lọ́wọ́ kiri ìlú òyìnbó?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ ti kọ ibi mẹ́fà sílẹ̀ tí ẹ máa dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí ọjọ́ tó ní kò pọ̀ kó tó padà sídìí ìwé rẹ̀. Bí ẹ ti rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé ló ṣì ń rántí yín. Kò mọ̀ pé orúnkún ìyá ti ń dùn wọ́n láti ọdún tó kọjá. Kò mọ̀ pé dókítà ti fi oògùn mìíràn kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá. Ẹ ò sọ fún un lórí fóònù, ẹ ní kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Nígbà tí ẹ bá wá jọ jáde, ẹ ó máa tẹ̀lé e, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì máa fara dà á. Ìfẹ́ ló ń ṣe ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ọ̀rọ̀ òní kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ bí ara yín ti rí gan-an, kó lè fi ẹsẹ̀ yín díwọ̀n ìrìn náà, kó má fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde

Nígbà tó bá ku bí oṣù kan, ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú yín. Ẹ jẹ́ kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó yẹ ṣúgà ara wò, kó sì kọ ìwé tó ní orúkọ àìsàn yín àti orúkọ oògùn yín nínú. Orúkọ oògùn gan-an ni kó kọ, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á nìkan, torí orúkọ ìtajà lè yàtọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ra oògùn tí yóò tó yín lò dé ọjọ́ tí ẹ ó padà, kí ẹ sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kún un. Ní Ìlú Ọba, wọn kì í ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn apakòkòrò bí kò bá sí ìwé dókítà. Tramadol tí àwọn kan ń lò fún ara ríro wà lára oògùn tí òfin ibẹ̀ ń ṣọ́ láti ọdún 2014, ẹni tó bá gbé e lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà lọ́wọ́.

Gbogbo oògùn, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ kó o sínú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù, torí òtútù ibẹ̀ lè mú un dì, bó bá sì ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán ara yín wò. Ẹ máa rìn láràárọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ kíyè sí ìgbà tí orúnkún ń bẹ̀rẹ̀ sí í dùn àti ìgbà tí èémí ń kúrú. Bí àyà bá ń fún yín nígbà tí ẹ bá ń rìn, tó sì ń lọ bí ẹ bá dúró, ẹ má wọ bàálù kankan kí dókítà tó yẹ ọkàn yín wò.

Ẹ wá pe ọmọ. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ọmọ mi, mo lè rìn fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó jókòó. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Oògùn tí mò ń lò láàárọ̀ máa ń mú mi tọ̀ léraléra.” Ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò dáhùn pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n tún ètò náà ṣe.” Ẹ̀yin náà, ẹ bi í léèrè: àjà ìkelòó ni yàrá rẹ wà? Ǹjẹ́ lífìtì wà níbẹ̀? Ọmọ náà lè máa fi nǹkan pa mọ́ fún yín, torí ojú ń tì í pé yàrá òun kéré.

Nínú bàálù

Láti Èkó sí London ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 fi hàn pé ẹni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ nínú bàálù, mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú irin, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ewu náà kò wọ́pọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000 ni wọ́n rí i lára rẹ̀. Àmọ́ ó máa ń ga lára ẹni tó ti dàgbà, ẹni tó sanra púpọ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún àti ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ.

Ẹ máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan bí àyè bá wà. Bí ẹ bá jókòó, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ dín ọtí kù. Ẹ má kàn dédé lo aspirin nítorí bàálù, ẹ má sì ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ láì bi dókítà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan yóò ní, “Ṣé arọ ni mí ni?” Ọ̀nà inú pápá Heathrow gùn, ìlà ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò sì lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù yín, ó kéré tán, wákàtí 48 ṣáájú. Agbára tí ẹ bá fi pamọ́ níbẹ̀ ni ẹ ó fi wòran lọ́la.

Nígbà tí ẹ bá ń wòran

Ẹ fi ọjọ́ kìíní àti ìkejì sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi kan lójúmọ́ ti tó àgbà, kí ọjọ́ ìsinmi sì máa wà láàárín.

Ẹ bi ọmọ pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's dé téńté yóò gun àtẹ̀gùn 528, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan tó wò. Ọdún 1863 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀ kò fi ní lífìtì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní 2022, tó sì dé Heathrow, kò ní kí ẹ gun àtẹ̀gùn ní ibùdókọ̀ rẹ̀ kankan. Bọ́ọ̀sì ìgboro pàápàá rọrùn fún orúnkún, torí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, àga àwọn àgbàlagbà sì wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí o, kì í ṣe òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tó dára fún àgbà, ẹ lọ sí British Museum. Ẹ kì í sanwó láti wọlé, lífìtì àti ilé ìtọ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà lára ohun tí wọ́n ní. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó wá máa sọ ìtàn fún ọmọ níbẹ̀. Ẹ tún lè wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames láti Westminster dé Greenwich, kí ẹ máa wòran láti orí àga. London Eye náà ń gbé èèyàn ga tó mítà 135, yíyí rẹ̀ kan tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ò sì ní í gun àtẹ̀gùn lọ sókè.

Àwọn ìyá àti bàbá tó ń lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ gbọ́ mi. Àwọn kan máa ń fo oògùn náà lọ́jọ́ ìrìn, torí wọn ò fẹ́ máa wá ilé ìtọ̀ kiri. Àwọn mìíràn kì í mu omi. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbéra sókè, àìtó omi lára sì lè mú òòyì kọ́ yín. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè lò ó nígbà tí ẹ bá padà wálé lọ́sàn-án. Àwọn ilé ìtọ̀ tó wà ní ibùdókọ̀ ojú irin ńláńlá ti di ọ̀fẹ́ láti 2019.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ ṣọ́ra fún ojú ọjọ́ ibẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Ẹ lè rò pé ọ̀sán ṣì ni, bẹ́ẹ̀ àkókò oúnjẹ àti oògùn ti lọ. Aago ni kí ẹ máa wò. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta títí di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, aago London àti tiwa dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, tiwọn fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹ fi ṣúgà oníhóró tàbí omi èso sínú àpò. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí ojú ń ṣú, ẹ dúró, ẹ lò ó. Bàtà tó ti mọ́ ẹsẹ̀ lára ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálẹ́, torí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè bó láì dùn ún.

Ẹ má sì gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì lójoojúmọ́ kí orúnkún lè gbé yín rìn. Wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru ga, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òtútù ni ẹ lọ, ẹ bo orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dáadáa, torí òtútù máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, iṣẹ́ ọkàn a sì pọ̀ sí i.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹsẹ̀ méjèèjì lè wú díẹ̀ lẹ́yìn bàálù, kó sì fà bí ẹ bá gbé wọn sórí àga. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ṣàdédé kúrú, bí àyà bá ń dun yín, bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan kò bá ṣeé gbé tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́, kí ọmọ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Bí ibà bá mú yín lọ́hùn-ún, ẹ sọ kíá pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí wọ́n lè yẹ ibà ẹ̀fọn wò.

Owó ọsibítù ńkọ́? Owó ìlera tí ọmọ san nígbà tó gba fisà, tirẹ̀ nìkan ló wà fún. Ní ilẹ̀ England, ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dá yín dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ fún ìjọba. Gbèsè tó bá tó 500 pọ́n-ùn tí ẹ kò san lè dí yín lọ́wọ́ láti tún rí fisà gbà. Owó ilé ìwé ọmọ lè bá a lọ. Nítorí náà, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn yín fún wọn, torí bí ẹ bá fi ọ̀kan pa mọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Ẹ ya fọ́tò ojú ewé yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín lórí WhatsApp. Kò sí ìtìjú nínú kí òbí sọ pé, “Ó ti rẹ̀ mí, jẹ́ ká jókòó.” Bí ẹ bá ti jókòó tán, ẹ jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìyẹn dùn mọ́ ju gbogbo ilé gíga ìlú lọ, torí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn yín láìsí fóònù láàárín.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ara ó le o.