Kó tó dé ọpọlọ ni ká ti bá dìgbòlugi jà

Ẹ̀yin ará Bàrígà, ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka thread yìí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá ni, ọ̀rọ̀ ọpọlọ sì ni.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ ládùúgbò wa, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni "ẹ fi epo pupa sí i, á jinná." Ojú ọgbẹ́ á jinná lóòótọ́. Àmọ́ dìgbòlugi kì í dúró lójú ọgbẹ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara wa ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní receptor. Ẹ kà á sí imú: òun ni wọ́n fi ń gbóòórùn fáírọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fọn fèrè pé olè ti wọlé. Ọpọlọ náà ní tiẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ TLR3. Ní 2007, àwọn oníwádìí fi hàn pé ọmọ tí TLR3 ẹ̀ bá lábùkù, herpes, tó jẹ́ egbò ẹnu lásán lára ọ̀pọ̀ wa, lè wọ ọpọlọ ẹ̀ lọ bà á jẹ́. Imú kan péré o!

Dìgbòlugi wá gbọ́n ju olè lọ. Kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ níbi tí ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sí. Inú iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ló máa ń yọ́ gbà, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbóòórùn ẹ̀, ó ní èròjà tó fi ń dí fèrè náà lẹ́nu. Nígbà tí ọmọ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn ni àǹfààní wa. Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ á kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ní òórùn ẹ̀ kó tó dé òkè. Kì í ṣe nǹkan tuntun, Pasteur ti lò ó fún ọmọ ọdún 9 kan ní 1885.

(Ẹ má sì sọ pé àrùn òkèèrè ni. Ìbátan ẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára àdán ní Èkó níbí ní 1956. Lagos bat virus lorúkọ ẹ̀.)

Èrò tèmi rèé: landlord tó so ajá mọ́ gate nínú face-me-I-face-you tí ọmọdé ń sáré kiri, tí ò fún ajá náà ní abẹ́rẹ́, òun ló yẹ kó san owó abẹ́rẹ́ ọmọ tí ajá ẹ̀ bá bù jẹ. Gbogbo ẹ̀. Ẹ ò lè máa rówó ra ẹran fún ajá, kẹ́ ẹ wá máa sọ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ wọ́n.

"Ajá mi kì í bu èèyàn jẹ." Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ fi hàn mí.