Kò Sí Ẹ̀wù Tí Ó Lè Gba Ẹrù Gbogbo Ẹbí

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣíṣọ lójú ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ní ará ní òkè òkun. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn tí ń di ẹrù sínú ẹ̀wù ọrùn wọn kí wọn má baà san owó ẹrù fún ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Kí ni ó bí ọgbọ́n yìí? Owó ni. Ní ọdún 2008, American Airlines kéde pé àpótí àkọ́kọ́ tí èrò bá kó sí abẹ́ ọkọ̀ nínú ìrìn àjò abẹ́lé Amẹ́ríkà yóò máa gba dọ́là 15. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì tẹ̀lé e. Bí owó ẹrù ti ń gòkè ni ọgbọ́n èrò náà ń pọ̀ sí i. Scottevest ní Amẹ́ríkà ń ta ẹ̀wù tí àpò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Rufus Roo jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jaktogo ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀wù tí a lè ká di báàgì. Ẹni tí kò rówó ra irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ a máa wọ aṣọ lé aṣọ. Ní oṣù Keje ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan wọ aṣọ 12 lé ara wọn láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Glasgow, kí ó má baà sanwó báàgì kejì. Ooru mú un, ó sì dákú nínú ọkọ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ronú kan èyí. Ṣé àpò ńlá kọ́ ni ó wà ní àyà agbádá? Gbérí ọdẹ ńkọ́? Tòbí tí àwọn ìyá wa ń kó owó ọjà sí ńkọ́? Nítorí náà, n kò bá ẹni tí ó rán àpò mọ́ inú ẹ̀wù rẹ̀ jà. Bí ó bá jẹ́ ìwé rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti aṣọ òtútù rẹ̀ ni ó kó sára, ó gbọ́n.

Ẹrù ẹlẹ́rù ni ó ń bí mi nínú. Àbúrò ìyá mi ń gbé ní Akówọnjọ, ní ibi tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ọmọ wọn bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ará àdúgbò gbọ́ tí ilé fi kún. Ẹnì kan gbé èlùbọ́ wá láti Ẹgbẹ́dá, òmíràn gbé ẹja gbígbẹ wá láti Ìkọ̀tún, òmíràn gbé gàrí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ bá mi fún ọmọ mi, kò wúwo rárá." Kò wúwo, kò wúwo, àpótí méjèèjì pé kílò 23 kọ̀ọ̀kan, ẹrù sì kù nílẹ̀. Ni wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní òpópónà wa, ó bá wọn rán kóòtù kan tí àpò mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Èmi gan-an ni mo bá wọn kó ẹrù sí i. Mo sì ń ṣe fọ́ńté pé a ti gbọ́n ju àwọn ọlọ́kọ̀ lọ.

Àpótí kọjá lórí òṣùwọ̀n láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi àyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ kan ní kí wọ́n bọ́ kóòtù. Ìyẹ̀fun funfun kan wà nínú àpò kan, tí a fi ọ̀rá wé pinpin.

"Mama, kí ni èyí?"

Wọn kò mọ̀.

"Ta ni ó ni ín?"

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín. Wọ́n fi rán mi ni."

Ẹ gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà! Ó ju wákàtí kan lọ tí wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń làágùn. Láfún ni ìyẹ̀fun náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ó bá wá jẹ́ nǹkan mìíràn ńkọ́? Ẹni tí ó fi rán wọn ti sùn sí ilé rẹ̀ ní Akówọnjọ.

Ohun kejì ni pé ẹrù tí ó kúrò nínú àpótí tí ó bọ́ sí ara ènìyàn kò tíì kúrò nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í wọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan, iye kan náà ni wọ́n ń kà sí olúkúlùkù lórí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, ọkọ̀ Air Midwest kan já lulẹ̀ ní Charlotte ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 21 sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé àtúnṣe ọkọ̀ náà kò péye, wọ́n sì tún rí i pé ìdí ọkọ̀ náà wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ibẹ̀ ní kí a fi kún ìwọ̀n tí a ń kà sí èrò lórí. N kò sọ pé kóòtù kan yóò já ọkọ̀ ńlá lulẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé òṣùwọ̀n ni a tàn, a kò tan ìwọ̀n.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó lójú kòkòrò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, àti pé bí a bá kọ ẹrù ìyá ọ̀rẹ́ wa, a ti kọ ìyá náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó wà nínú èlùbọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò bi ẹni tí yóò rù ú bóyá ọrùn rẹ̀ gbà á, ìfẹ́ wo nìyẹn?

Ìmọ̀ràn tèmi kò pọ̀. Kí a tó gbé ẹrù lọ bá arìnrìn-àjò, kí a kọ́kọ́ bi í pé, "Kílò mélòó ni ó kù fún yín?" Bí kò bá kù, kí á kí i pé ó dàbọ̀, kí á sì yí padà lọ sílé láìbínú. Bí ó bá kù, kí á tú ẹrù náà lójú rẹ̀, kí á sì fi owó tì í. Kí arìnrìn-àjò náà sì ní ẹnu láti sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè gbé e." Fífi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú nìyẹn. Kóòtù àbúrò ìyá mi ṣì wà ní kọ́bọ́ọ̀dù, àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ṣófo. Wọ́n ní bí àwọn bá tún ń lọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àti ìwé ìrìnnà nìkan ni yóò wọ inú rẹ̀.