Ẹ Má Fi Volvox Ṣe Àmì Ẹgbẹ́ Wa



Ní ìpàdé tí ó kọjá ni ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri. Ohun roboto aláwọ̀ ewé ni, àwọn roboto kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní Volvox ni orúkọ rẹ̀, pé inú omi adágún ni ó ń gbé, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di ọ̀kan tí wọ́n jọ ń tukọ̀ lọ síbì kan náà. Nítorí náà, kí a fi ṣe àmì ẹgbẹ́ wa, kí a tẹ̀ ẹ́ sí iwájú ìwé ìròyìn yìí. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àtẹ́wọ́ ró gan-an. Bí kì í bá ṣe pé oúnjẹ dé, à bá ti dìbò lọ́jọ́ náà.

Àwa mẹ́ta tí a kọ ìwé yìí kò bá ẹ̀gbọ́n wa jà o. Àwọn gan-an ni wọ́n kọ́ wa bí a ti ń lo maikirosikópù. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí nínú awò náà kò bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ mu.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ọ̀dọ̀ ìbátan Volvox tí ó ń dá gbé, èyí tí a ń pè ní Chlamydomonas. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni. Ó ní irun méjì bí pàṣán tí ó fi ń wẹ̀, ó sì ní ojú pupa kékeré kan tí ó fi ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nígbà tí ó bá fẹ́ bímọ, ó ní láti pa pàṣán rẹ̀ tì. Kò lè máa wẹ̀ kí ó tún máa pín ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo wàhálà ìdílé wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Gonium ni ó tẹ̀ lé e: sẹ́ẹ̀lì 16, nígbà mìíràn 8, tí wọ́n tò pẹrẹsẹ bí àtẹ. Gbogbo wọn ni ó ń wẹ̀. Bí àkókò bá tó, gbogbo wọn ni ó ń bímọ, olúkúlùkù sì ń bí odidi Gonium tuntun. Pandorina àti Eudorina jẹ́ roboto, ṣùgbọ́n ìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀dọ̀ Pleodorina ni ojúsàájú ti wọlé: àwọn sẹ́ẹ̀lì iwájú kéré, wíwẹ̀ nìkan ni tiwọn, àwọn ti ẹ̀yìn ni ó ń bímọ.

Ó wá kan Volvox. Nínú irú tí a ń pè ní Volvox carteri, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó nǹkan bí 2,000, àwọn ńláńlá kò sì ju 16 lọ. Àwọn kéékèèké ni atukọ̀. Wọn kì í bímọ rárá. Àwọn ńláńlá kì í tukọ̀, wọ́n jókòó sínú, wọ́n ń sanra, wọ́n ń bímọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá já ara ìyá jáde, 2,000 atukọ̀ náà kú. Jíìnì kan wà tí a ń pè ní regA tí kì í jẹ́ kí àwọn atukọ̀ dàgbà débi tí wọn yóò bímọ. Bí jíìnì náà bá bàjẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ju pàṣán sílẹ̀, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí bímọ tirẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú wọn dúró?

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló wá dé tí irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ kò fi tú ká. Ìdí rẹ̀ ni pé inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde. Wọ́n ju ọmọ ìyá lọ. Ọmọ tí àwọn ńláńlá bí, ohun tí atukọ̀ ìbá bí náà ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú wà, ọmọ Èkìtì wà, ọmọ Ọ̀yọ́ wà, ọmọ Kétu wà. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn arábìnrin mẹ́rin kan náà ni wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ń fọ ìkòkò nígbà gbogbo tí a bá ṣe àríyá. Lọ́dún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí ó tẹ̀ lé àríyá wa ní ọjọ́ kejì. Ta ni ó bi í léèrè? Bí a bá wá gbé Volvox kọ́ sókè, àwọn mẹ́rin yìí yóò mọ ẹni tí à ń bá wí.

A kò sọ pé Volvox kò lẹ́wà. Ohun kan wà tí ó ṣe tí a kò lè gbàgbé. Nígbà tí ọmọ bá ń dàgbà nínú ìyá rẹ̀, òdì ni ó wà: ibi tí pàṣán yóò ti hù kọjú sí inú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá sì yọ sí òde. Kò lè wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń ká ara rẹ̀ padà, ètè ihò náà á ṣẹ́ sẹ́yìn, yóò sì máa yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí inú yóò fi di òde, bí ẹni yí ìbọ̀sẹ̀ padà. A jókòó ti awò títí tíì wa fi tutù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún ń kọ́? Leeuwenhoek ará Hóláǹdì ròyìn ohun yìí ní 1700. Linnaeus sọ ọ́ ní Volvox ní 1758, nítorí pé ó ń yí gbirigbiri, ó sì kà á mọ́ ẹranko. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ó bá tóbi, tí ó roboto, tí ó ní atukọ̀ púpọ̀, Volvox ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi jíìnì wọn wéra, wọ́n rí i pé Volvox carteri sún mọ́ Pleodorina ju bí ó ti sún mọ́ Volvox globator, èyí tí Linnaeus sọ lórúkọ. Ìrísí kan náà ni, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àní ìṣọ̀kan tí ó wà nínú orúkọ náà kò dúró.

Ẹnìkan sọ ní ìpàdé pé ti Áfíríkà kúkú ni, nítorí Volvox africanus wà. Òótọ́ ni, G. S. West ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1910. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i ní Íńdíà àti ní Jàpáàn pẹ̀lú. Ẹ wo Iyengar ará Madras: adágún ìlú rẹ̀ ni ó ń bu omi rẹ̀ wò, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1933. Orúkọ tí ó fún ọ̀kan nínú wọn, nagariensis, ni gbogbo ayé fi ń pe èyí tí wọ́n ń sìn nínú ìgò fún ìwádìí títí dòní. Èyí tí yóò jẹ́ tiwa ni èyí tí ọ̀kan nínú wa bá fi àwọ̀n àti ìgò wá nílé, kì í ṣe èyí tí a yà sára aṣọ.

Bí ó bá wá di dandan kí ohun inú omi jẹ́ àmì wa, Gonium ni kí ẹ mú. Kò dùn ún wò tó Volvox, a gbà. Yóò wà lábẹ́ awò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ tètè dé kí ẹ wò ó kí a tó dìbò, nítorí ooru iná awò kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ọkùnrin ni yóò fọ ìkòkò lọ́jọ́ náà. Àwa mẹ́ta ti kọ orúkọ wa sílẹ̀, àyè sì ṣì wà nísàlẹ̀ ìwé náà.