Yíyára Kọ́ ni Bíbọ́ sí Àsìkò

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín ní bí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ bá ti yára tó, ọ̀rọ̀ àsìkò ti yanjú. N kò gbà.

Ní Ararọ̀mí níbí, ẹ́ńjìnnì ni ẹsẹ̀ wa lórí omi. Nínú àwọn tuntun, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ iná fún púlọ́ọ̀gì kí písítìn tó dé òkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, yíyí kan gba mílísẹ́kọ́ǹdù 60. Bó bá di 5,000, ó di 12. Yíyí náà gan-an ni aago. Ìdí nìyí tí Charles André àti Frédéric Mallet ní ilẹ̀ Faransé fi ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ CCSL, tó ń fi ìṣirò de ìtumọ̀ "ṣáájú" àti "lẹ́ẹ̀kan náà", kó má baà kù sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi, apẹja, náà mọ irú aago bẹ́ẹ̀: kì í sọ pé aago mẹ́fà la ó gbéra. "Kí omi tó fà" ni yóò wí.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe àsìkò lè fà: ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1991, ní Dhahran ní ilẹ̀ Saudi Arabia, Patriot, ẹ̀rọ ogun Amẹ́ríkà tó ń dènà ohun ìjà láti òfurufú, kò rí ohun ìjà tó ń bọ̀, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 100 tó ti ń ṣiṣẹ́, aago inú rẹ̀ ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà. Ọmọ ogun 28 kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé yín yẹn fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ, Ararọ̀mí