Ìgò Oògùn Ojú Kan Kì Í Ṣe Ti Gbogbo Ilé

Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku ń fẹ́ ní Ìkòròdú, tí èéfín ẹja yíyan ń ta àwọn ìyá wa lójú ní Ẹ̀pẹ́, ojú á gbẹ, á máa ta, á dà bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Oògùn omi ojú máa ń mú ìtura wá. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ìgò kan ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò: bàbá á kán an, ìyá á kán an, wọ́n á tún kán an sójú ọmọ.

A mọ̀ pé owó oògùn ti wọ́n, síbẹ̀ ó yẹ kí àṣà yìí dópin. Bí ẹnu ìgò bá kan ojú tó ní àrùn, kòkòrò rẹ̀ lè wọ inú oògùn, kó sì ran ẹlòmíì. Láàárín ọdún 2022 sí 2023, ní Amẹ́ríkà, àrùn kan tí wọ́n so mọ́ oògùn omi ojú tó ti ní kòkòrò mú èèyàn 81. Èèyàn 14 pàdánù ìríran, wọ́n yọ ẹyinjú àwọn 4, àwọn 4 sì kú. Tí owó bá mọ níwọ̀n, ẹni tí ojú ń dùn ni kẹ́ ẹ rà á fún.

Ẹ ra á ní ilé oògùn tí ẹ mọ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ gbójú sókè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan láì jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Ẹ dé e padà kíá. Ọ̀pọ̀ ìgò kì í ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ẹ má fi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sójú.

Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè kán an lẹ́yìn ìṣínu àti nígbà sààrì, kó sì bi àáfà rẹ̀ léèrè.

Bí ojú bá pọ́n, tó ń ro, tó ń ṣe ọyún, tàbí tí ìríran ń ṣe bàìbàì, ẹ tètè lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́.

Ojú lọba ara, àmánà Ọlọ́hun sì ni lọ́wọ́ wa. Ọlọ́hun kò ní gba ìmọ́lẹ̀ ojú wa. Àmín.