Ẹ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kí ẹ sì sọ ọ́ di òfin

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn mọ iye ṣéńjì tí yóò fún oníbàárà. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà ní kíláàsì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́kẹ́ yóò pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣé ìṣirò ni kò mọ̀ ni, àbí èdè?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ka sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹfà nígbà tí ìlànà náà jáde, JSS3 ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ìparí ọdún 2025. Báwo ni ìlànà náà ṣe wá fà á tí ẹni tí kò kàn fi fìdí rẹmi?

Kì í ṣe pé a kò dán an wò rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú ìṣirò.

Àwọn kan ní òǹkà wa le jù. Lóòótọ́, 45 ni màrúndínláàádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta ni. Ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Ọmọ tí ó bá lóye èyí ti kọ́ àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ ná.

Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá tún rú òfin náà lẹ́yìn ìkìlọ̀ yóò di títì, yóò sì san 500,000 náírà. Ó dára, ṣùgbọ́n kíkọ́ Yorùbá yàtọ̀ sí fífi Yorùbá kọ́ni. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní àṣẹ lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n lò ó! Níbi tí Yorùbá ti jẹ́ èdè ọmọ, kí á fi kọ́ ọ ní ìṣirò, ó kéré tán dé kíláàsì kẹta. Kí á kọ́kọ́ tẹ ìwé, kí á sì kọ́ àwọn olùkọ́. Òfin tí kò ní ìwé àti olùkọ́ lẹ́yìn, ariwo lásán ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín. Èdè Yorùbá kò ní parun o.