Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró Kì Í Ṣe Àrùn Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà tí wọ́n ní àrùn tí ń ṣe ogójì ni ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, tí wọ́n ní ohun tí ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe, òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìyà tí ń bá aráyé fínra. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, òwe Lébándé ni ó bá a mu, nítorí ohun tí ń ṣe Lébándé kọ́ ní ń ṣe ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 2003, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ gefitinib. Nínú aláìsàn mẹ́wàá níbẹ̀, bí ẹnì kan péré ni kókó àrùn rẹ̀ súnkì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà fún, ẹni tí kò lè mí délẹ̀ tẹ́lẹ̀, a máa dìde nílẹ̀ àìsàn kí oṣù tó yí po. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ ní Massachusetts General àti Dana-Farber, ní ìlú Boston, yẹ kókó àwọn olóríire wọ̀nyí wò, tí wọ́n sì rí i pé jíìnì EGFR, tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó máa bí sí i, ti yí padà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àṣẹ náà kò fi dáwọ́ dúró mọ́. Àṣẹ yìí gan-an ni oògùn náà ń pa lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ó di 2009, ìwádìí tí Tony Mok ti Hong Kong ṣáájú rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà fi òpin sí iyàn nípa ẹni tí oògùn náà lè ràn lọ́wọ́: nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ìyípadà yìí wà nínú kókó wọn, bí 71 ni gefitinib ṣiṣẹ́ fún, nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ní in, bí ẹnì kan. Oògùn kẹmó (chemotherapy) ni ìbá ran àwọn tí kò ní in wọ̀nyí lọ́wọ́. Ọ̀tá náà kì í sì í dúró lójú kan, nítorí lẹ́yìn bí ọdún kan, kókó a tún yí padà, oògùn àkọ́kọ́ a sì di omi lásán. Ìdí nìyí tí oògùn mìíràn tí ń jẹ́ osimertinib fi jáde ní 2015.

Nítorí náà ni mo ṣe ń wí i gbangba pé kò tọ́ kí dókítà kankan kọ oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti yẹ jíìnì inú ẹran bíńtín tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú jáde nínú àyà rẹ̀ wò. Ó dùn mí pé kókó àwọn ará Éṣíà, ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ni a ti yẹ̀ wò jù, tí tiwa kò sì tó nǹkan. Kí ìjọba fi owó àyẹ̀wò yìí sínú ohun tí ètò adójútòfò ìlera ń san, kí ẹni tí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí àtirí oògùn rà má baà lọ ra èyí tí kókó rẹ̀ kò ní gbọ́.